Ta Ló Ń Bọ́ Rófíà?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní Ayépé, mi ò kí wọn. Wọ́n jókòó lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n. Èmi náà ò kéré, mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Mo kọjá lára wọn bí ẹni pé àpótí nìkan ló wà níbẹ̀. Inú ló ń bí mi. Mo ti ka ìwé tí ọsibítù fi ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti mọ ẹni tó ni omi sódà ọṣẹ tí ọmọ-ọmọ wọn mu.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ tí mo ṣe jù kí n tó fẹ̀yìn tì ni kí n máa bẹ àwọn aláìsàn wò nílé lẹ́yìn tí ọsibítù bá ti dá wọn sílẹ̀. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, pé ṣe ni mo kàn ń gun ọ̀kadà kiri láti Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Imusin, tí mo ń jẹ ẹ̀pà onílé-onílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Ọsibítù kì í wo èèyàn sàn tán. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á rán ojú rẹ̀, wọ́n á kọ ìwé gẹ̀ẹ́sì ojú ewé kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ilé ni ara ti ń yá. Ilé náà sì ni èmi ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó yẹ kó yè tí wọn ò yè.

Rófíà ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá bàbá rẹ̀ ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Láyé ọjọ́un, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè, eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, gbogbo agbègbè yẹn ló sì mọ ọṣẹ wọn. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ní àwọn ò fẹ́ dúdú mọ́, ọṣẹ olómi tó ń hó ni àwọn ń fẹ́. Sódà ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Bí ẹ ò bá mọ sódà, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ kan ni, tí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi, omi á gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ ìkòkò. Tó bá tutù tán, ẹ ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi mímu. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rọ èyí tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ kan sínú ike mínírà, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ ti ilé-kéú dé nínú oòrùn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ike tó mọ̀ pé nǹkan dídùn ló máa ń wà níbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n sáré gbé epo pupa wá. Kò sí ilé kan nílẹ̀ yìí tí wọn ò ti ní epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Wọ́n da epo sọ́mọ lọ́fun, ọmọ bì, sódà tó ti jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ tún jó o lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ń gòkè bọ̀. Mo ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí ohùn mi fi há: ẹ má fún un lépo, ẹ má fi ọwọ́ ki í lọ́fun kó lè bì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì." Epo náà ni wọ́n á tún gbé lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tí ọgbẹ́ ọ̀fun Rófíà jinná, ọ̀nà ọ̀fun náà sún kì. Itọ́ ẹnu rẹ̀ pàápàá, agbára káká ló fi ń lọ. Ọmọ náà rù títí tí mo fi ń ka egungun àyà rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ṣe ni pé wọ́n lu ihò kékeré sí ikùn rẹ̀, lápá òsì, wọ́n ki rọ́bà kan bọ inú àpò oúnjẹ. Rọ́bà kan náà tí a fi ń fa ìtọ̀ fún àwọn bàbá tí ìtọ̀ há mọ́ ni. Ó ní bàlúùnù kékeré lórí, omi díẹ̀ la fi ń fẹ́ ẹ nínú ikùn kí rọ́bà má bàa yọ. Ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà wọlé títí ara rẹ̀ á fi lágbára tó láti jẹ́ kí wọ́n máa fẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà kọ ọ́ gbọnran sínú ìwé: bí ọmọ yìí bá tún rù sí i, kò ní lè gba ìtọ́jú ọ̀fun. Bí rọ́bà bá sì yọ, láàárín wákàtí mélòó kan ni ihò ikùn á dí, àfi kí wọ́n tún fi ọ̀bẹ là á, ara rẹ̀ ò sì lè gba ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ẹ̀mí Rófíà ló so kọ́ rọ́bà tí kò ju ìka ọmọdé lọ yẹn. Ẹ wá rí i pé mo nídìí láti bínú.

Mo wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀, Sìdí, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta ike àti abọ́ lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, òpin oṣù ló ń wálé. Mo fa kọ́tìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Fọ ọwọ́ rẹ tọṣẹtọṣẹ. Gbé orí ọmọ sókè, má fún un lóúnjẹ nídùbúlẹ̀. Kọ́kọ́ fi omi mímọ́ la inú rọ́bà. Yọ ọ̀pá ìtì inú síríńjì kúrò, ki ẹnu rẹ̀ bọ rọ́bà, gbé e sókè, da ògì sí i, kó máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Má tì í. Ògì náà gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi, kó o fi aṣọ sẹ́ ẹ, mílíìkì sóyà ni kó o fi lú u. Tó bá tán, fi omi la rọ́bà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohunkóhun bá dí i, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan, bí kò bá là, pè mí.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, kọ́tìnnì mì. Ìyá Ọlọ́ṣẹ yọjú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé n lè wá wò ó?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ráyè ṣe èyí. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín."

Kọ́tìnnì padà sáyè rẹ̀. Sìdí sorí kọ́, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ara mi yá gágá. Mo rò pé mo ti bá ọmọ náà gbẹ̀san. Kí n tó lọ, mo sọ fún Sìdí pé, "Gbogbo ohun tí mo kọ́ ẹ yìí, kọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi, mo fa ìlà pé mo ti kọ́ ìdílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ. Mo á fi omi iyọ̀ nu etí ihò, mo á wo bóyá ó wú tàbí ó ń ṣe ọyún, mo á fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ. Téèpù yìí, bó bá bọ́ sí pupa, ebi ti ń pa ọmọ kú lọ nìyẹn. Yẹ́lò, ó ń bọ̀ sípò. Tútù bí ewé, ó ti yè. Inú pupa ni Rófíà wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kan etí yẹ́lò.

Ohun tó ń bí mi nínú nígbà yẹn ni àwọn òǹwòran. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n á ní àwọn wá kí ọmọ, ojú wọn á sì lọ tààrà sí ikùn rẹ̀. Obìnrin kan gbé aṣọ ọmọ sókè láì béèrè, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Yéè! Ọmọ tó ń fi ikùn jẹun!" Rófíà fa aṣọ rẹ̀ padà wálẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo lé obìnrin náà jáde. Mo ní bó bá fẹ́ wòran, kó lọ wo ikùn ara rẹ̀ nínú dígí, ó tóbi tó ohun tí èèyàn ń san owó wò. Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì ò ní sùúrù. Òótọ́ ni, mi ò ní.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Sìdí padà sọ́jà. Kò sọ fún mi. Mo wà níbi iṣẹ́, mo ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, nígbà tí aládùúgbò wọn kan pè mí.

"Nọ́ọ̀sì, nǹkan ikùn ọmọ ti jáde o!"

"Nǹkan wo?"

"Rọ́bà! Rọ́bà ti wà lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ!"

Mo ní kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bo ojú ihò, kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò láti ki rọ́bà padà. Mo gbé báàgì mi, mo já sójú títì, mo gun ọ̀kadà. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó má ro ti ọjọ́ orí mi o, kó fò. Ó ní, "Màmá, ẹ dì mí mú." Mo ní, "Ìwọ ni kó o di ọwọ́ ọ̀kadà ẹ mú." Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ayépé, ẹnu mi ò dákẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mo ń bú. Mo ń ka gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn.

Nígbà tí mo wọlé, Rófíà wà lórí ẹní, ó ti sunkún títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kúnlẹ̀ tì í, rọ́bà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Abọ́ kan wà nílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsẹ́gì àti ìjánjá igi ìgbálẹ̀ kan. Mo wo inú síríńjì. Gàrí ni. Gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kúnná tó sì kan dáadáa, ti wú, ó ti dì gbagidi sí ìdí rẹ̀.

Mo lóye gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gàrí ti wú nínú rọ́bà, ó dí i. Wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ gún un kó lè là. Igi ìgbálẹ̀ bẹ́ bàlúùnù inú ikùn, rọ́bà sì yọ tẹ̀lé wọn lọ́wọ́.

Mo jágbe. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fún un ní gàrí? Ẹ̀ẹ̀kan ò tó yín? Ṣé ẹ fẹ́ pa á tán ni?"

Wọ́n kàn na rọ́bà yẹn sí mi. Ọwọ́ wọn dúró gbọin.

Mo ní láti dúró kí n mí kanlẹ̀, torí ọwọ́ tí inú ń bí kì í ṣe iṣẹ́ tó tinrín. Mo fọ ọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí aṣọ. Ihò náà ti ń pa ojú dé. Rọ́bà tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. Mi ò fi agbára tì í, torí ọ̀nà inú ikùn yẹn ò tíì gbó, bí mo bá ṣì í ṣe, ó lè já síbi tí kì í ṣe àpò oúnjẹ. Mo mú èyí tó kéré jù lọ nínú báàgì mi, mo fi ìpara tó ń yọ̀ pa á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Rọ́bà náà wọlé díẹ̀, ó dúró. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yọ̀ wọlé, omi inú ikùn sì ṣẹ́ jáde lẹ́nu rọ́bà. Mo fi pílásítà lẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀kán omi kan gba ibẹ̀, a ń lọ sí ọsibítù kí wọ́n ya fọ́tò inú ikùn, kó dá wa lójú pé ibi tó yẹ ló wà.

Aládùúgbò tó pè mí ti wá mọ́tò wá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú mi. Mo fẹ́ ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ọmọ na ọwọ́ sí wọn, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Rófíà wọlé, wọ́n ní kí àwa méjèèjì dúró sí ìta. Bẹ́ǹṣì kan ló wà níbẹ̀. A jókòó, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ gàrí?"

Wọn ò wò mí. "Ògì tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ ti tán. Ebi ń pa ọmọ. Ó rí àwọn ọmọ ilé kejì tí wọ́n ń mu gàrí, ó ní òun náà fẹ́. Mo rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo tún un sẹ́. Mo rò pé omi ẹ̀ ló kù."

"Gàrí ń wú, Màmá! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, ẹ ò mọ̀ pé gàrí ń wú?"

"Mo mọ̀ pé ó ń wú nínú abọ́. Ta ló sọ fún mi bí inú rọ́bà yẹn ṣe rí? Ta ló sọ fún mi pé nǹkan wà lórí ẹ̀ nínú ikùn? Ẹ á wọlé, ẹ á fa kọ́tìnnì. Ẹ á jáde, ẹ ò ní wojú mi."

"Mo kọ́ ìyá rẹ̀! Mo ní kó kọ́ gbogbo ilé!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n yíjú sí mi. "Sìdí? Kí Sìdí jókòó, kó máa kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ? Ọmọ ta ni yín, Nọ́ọ̀sì? Ṣé ẹ kọ́ ìyá ọkọ tiyín rí?"

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Títí ìyá ọkọ mi fi kú, bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n bó iṣu ni mo ṣe ń bó o. Wọ́n fi òróró pa ọmọ mi nímú, mo wò wọ́n níran, èmi nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Ìyàwó wo ni wọ́n bí dáadáa tó máa sọ fún ìyá ọkọ pé, "Màmá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é"? Mo sì tún mọ̀ pé ní gbogbo ilé tí ìyá ọmọ bá ń tajà, ìyá àgbà ló ń bọ́ ọmọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi gan-an nìyẹn. Mátírọ́ọ̀nù tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń ní ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń dáná nínú ilé, ká tó ṣí ojú egbò wò. Ogójì ọdún ló fẹ́ẹ̀ pé tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ẹlòmíràn. Mo wọ ilé ẹni tó ń bọ́ ọmọ, mo kọ́ ẹni tí kò ní sí nílé, mo fa ìlà nínú ìwé.

Inú mi ò rọ̀ o. Ẹ má rò pé inú mi rọ̀. Ó kàn yí ojú padà sí èmi náà ni, kò sì kúrò lára wọn pátápátá.

Dókítà kan jáde wá, ọmọdé ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó dúró lé Ìyá Ọlọ́ṣẹ lórí. "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe? Gàrí nínú rọ́bà? Ta ló kọ́ ẹ̀yin èèyàn yìí gan-an?"

Mo dìde. "Èmi ni, dókítà. Èmi ni nọ́ọ̀sì wọn. Mi ò kọ́ Màmá."

Ó wo aṣọ iṣẹ́ mi, ó sì wo irun funfun orí mi. Mo ní, "Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìwé gẹ̀ẹ́sì lẹ̀yin náà fún wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá wọn sílẹ̀. Èwo nínú wọn lẹ rò pé ó máa kà á?" Ó ní rọ́bà wà níbi tó yẹ, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú, ó sì yára padà wọlé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Alùhámúdùlílàhí," wọ́n sì fi etí ìborùn nu ojú.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ayépé, mo kúnlẹ̀ níwájú ilé, mo ní, "Màmá, ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú sí mi." Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ̀ ń fi aṣọ iṣẹ́ nulẹ̀." Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Èmi náà ò sọ pé mo ti gbàgbé ohun tó wà nínú ike mínírà. A kàn wọ yàrá pọ̀, mo sì ní kí Sìdí ká kọ́tìnnì náà kúrò.

Mo gbé ife omi kan sílẹ̀, mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo fẹ́ bàlúùnù rẹ̀ níṣojú wọn. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ohun tí mo bẹ́ nù un." Mo da ògì tó ki sí i, wọ́n rí i bó ṣe há. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju Sìdí lọ, wọ́n sì mọ àwọn nǹkan kan ju èmi pàápàá lọ. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sẹ́ omi eérú, ẹ fẹ́ kọ́ ọ ní sísẹ́? Wọ́n á fi ṣíbí gbé ògì sókè, wọ́n á wo bó ṣe ń já bọ́, wọ́n á ní, "Èyí ṣì ki." Mo á wò ó, òótọ́ ni. Wọ́n á ní, "Bísímílà," kí wọ́n tó gbé síríńjì sókè, apá wọn kò sì ní mì títí tó fi máa tán. Nígbà tí òǹwòran kan tún yọjú, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbá a lọ́wọ́ kó tó kan aṣọ ọmọ.

Láàárín ìgbà yẹn, mo lọ bá àwọn tó ń ta sódà lọ́jà. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sínú ike mínírà fún oníbàárà, tí wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lára. Mo ní ọmọ máa mu ún. Ọ̀kan ní, "Màmá, ṣé àwa la bí i ni?" Mo pariwo débi pé ọjà kóra jọ. Wọ́n ní wèrè nọ́ọ̀sì kan ti dé. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ títí dòní tí mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kẹ́ẹ̀gì tó ní àmì eegun orí. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á fi àpò bo ike.

Téèpù bọ́ sí àwọ̀ ewé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀fun Rófíà. Wọ́n á fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà náà, a ó padà sílé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n á fi èyí tó sanra díẹ̀ sí i. Ìrora ni. Ọmọ náà mọ ọ̀nà ọsibítù débi pé bí mọ́tò bá ti yà síbẹ̀, ó á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù bẹ́ẹ̀, dókítà ní ká dán an wò, ká fún un ní ògì díẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú ṣíbí, kí èmi wà níbẹ̀.

Sìdí po ògì náà, ó gbé e fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ. "Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún un."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹni tó ti ń bọ́ ọmọ láti ikùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́ fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn láì ta ẹ̀kán sílẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Kì í ṣe ọwọ́ yìí. Ọ̀fun yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ fún un, Nọ́ọ̀sì. Mi ò lè fi ọwọ́ yìí ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́ láéláé."

N ò ní purọ́ fún yín, apá kan nínú mi ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo na ọwọ́ sí ṣíbí náà. Rófíà gbá a mú kí n tó dé ibẹ̀, ó ki í bọ ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́.

"Màmá àgbà, ebi ń pa mí."

Wọ́n bù ú. Ọwọ́ wọn gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì fi dà sí àgbọ̀n ọmọ. Wọ́n ní, "Bísímílà." Ọmọ pa ẹnu dé. Mo rí i tí ọ̀fun náà gòkè, tó sọ̀ kalẹ̀. Àwa mẹ́ta ń retí ikọ́. Kò wúkọ́. Ó lá ètè rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì fajú ro.

"Kò dùn. Ẹ fi ṣúgà sí i."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fẹ́ dìde lọ mú un wá. Wọ́n jókòó padà sílẹ̀, wọ́n fi ìborùn bo ojú, ẹkún wọn sì gba gbogbo ilé. Sìdí dì mọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má ṣe ìyọnu, mo béèrè ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan sí, mo sì lọ bu ṣúgà wá.